Ọ̀daràn Rere Inú Fíìmù Kọ́bọ́ì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ kà á sí mi létí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní kóòtù kan nílùú Benin níbí, pé kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Gómìnà kò tíì fọwọ́ sí i. Bó bá fọwọ́ sí i lọ́la, wọ́n á wá mú mi lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ibí yìí náà ni màá máa wà. Yàrá wa kò fẹ̀ ju kí ènìyàn mẹ́ta nà tàntàn lọ, àwa márùn-ún la sì wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ara mi, nítorí ìyá mi ṣì wà láàyè, wọ́n sì ṣì ń jáde lọ sáàárín àwọn ènìyàn. Gbogbo ohun yòókù ni màá sọ.

Ìkàrẹ́ ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí mi sí. Ekenwan Road là ń gbé, kò jìnnà sí bárékè àwọn sójà. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Bàbá Onítẹlifíṣọ̀n. Bí bàbá mi bá tún ọ̀kan ṣe tán, fíìmù kọ́bọ́ì ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n ní eruku àti oòrùn inú fíìmù kọ́bọ́ì ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bóyá àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti bọ̀ sípò. Mo mọ̀ pé àwáwí ni. Wọ́n kàn fẹ́ràn fíìmù kọ́bọ́ì ni.

Ọ̀kan wà tí a wò títí tí ojú CD rẹ̀ fi ha. Ọ̀daràn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri ìlú, pé ẹni tó bá mú un yóò gba ẹ̀bùn. Ó ti ja báńkì lólè, ó ti pa ènìyàn. Nígbà tó yá, ó gun ẹṣin dé abúlé kan, ebi ń pa á, opó kan sì fún un lóúnjẹ. Nígbà tí àwọn ìkà kan wá láti jó abúlé náà kí wọ́n lè gba ilẹ̀ rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ló dúró dè wọ́n. Ó pa wọ́n tán, ìbọn sì ba òun náà. Opó náà gbé orí rẹ̀ lé itan, ọ̀gá ọlọ́pàá sì fa àwòrán rẹ̀ ya kúrò lára ògiri. Orin á bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á yọ áńkáṣíìfù jáde.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n máa ń wí fún mi. "Gbogbo aburú tó ti ṣe, ó ti pa á rẹ́."

Ní ọjọ́ kan, ìyá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ òkìrìkà, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹrù wọn lórí. Wọ́n wò ó títí ó fi parí.

"Ẹni tó yìnbọn pa ní báńkì ńkọ́?" ni wọ́n bi bàbá mi. "Akọ̀wé tó wọ awò ojú yẹn. Ṣé kò lọ́mọ ni?"

"Fíìmù ni, jàre."

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Mo kàn ń béèrè ni."

Inú bí mi sí ìyá mi lọ́jọ́ náà, torí pé wọ́n ba ìparí rẹ̀ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lójú mi nígbà náà, ẹni tí kò ṣe aburú rí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ṣe aburú tó sì yí padà. Kò sẹ́ni tó ń fi akọ̀wé báńkì ṣe fíìmù.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá mi. Mo jogún ṣọ́ọ̀bù wọn ní àkókò tí àwọn ènìyàn kì í tún tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ́. Bó bá ti bàjẹ́, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ń jókòó láìsí ẹni tó wọlé.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì kan gbé ẹ̀rọ orin ńlá kan wá fún mi. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Abuja fún oṣù díẹ̀, ó ní òun á gbé e bí òun bá dé. Mo tún un ṣe, mo sì tan án kí n lè gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ dùn. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ yà wọlé, ó bi mí pé ṣé títà ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé rárá. Èyí tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ wò ó dáadáa ná, sà." Kó tó di pé ó jáde, mo ti tà á.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà dé, mo sọ fún un pé iná mànàmáná ló jó ẹ̀rọ náà bàjẹ́, tí mo fi jù ú nù. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ṣé kò jó ìwọ náà?"

"Rárá, mà."

"A dúpẹ́ o. Ẹ̀rọ la lè rà, a ò lè ra ẹ̀mí." Ó wá gbàdúrà fún mi níbẹ̀, ní orí ìdúró. Mo ṣe àmín. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún ara mi pé kò burú, pé lọ́jọ́ kan màá ṣe rere kan tó tóbi tó láti bo èyí mọ́lẹ̀.

Ọdún yẹn ni Osaze padà wọ inú ayé mi. A jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ni, ó sì ti ń ta mọ́tò. Ó wa mọ́tò kan wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi.

"You sabi comot tracker?" ni ó bi mí. Tíráká ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú mọ́tò kí wọ́n lè mọ ibi tó wà bí wọ́n bá jí i.

"Mọ́tò ta ni?"

"Na my uncle get am."

Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Mo tú u. Mo ní èmi ò jalè, wáyà ni mo gé. Ó mú òmíràn wá, ó tún mú òmíràn wá. Nígbà tó yá, ó ní àwọn tó ni mọ́tò ti ń yára tọpa mọ́tò wọn ju tàtẹ̀yìnwá lọ, pé àfi kí n máa bá òun àtàwọn èèyàn òun jáde kí n lè tú tíráká náà lójú ẹsẹ̀. Mo ní mi ò ní di ìbọn mú. Ó gbà. Ìgbà kẹta tí a jáde, ó fi ìbọn sí mi lọ́wọ́. "Just hold am. Nobody go shoot." Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbádùn bó ṣe wúwo lọ́wọ́ mi.

Mo wá ṣe òfin fún ara mi. Mi ò ní lu ẹnikẹ́ni. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, màá bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn yòókù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Pastor, inú mi sì ń dùn sí orúkọ náà. Mo rò pé èmi ni olè tí ọkàn rẹ̀ dára. Mo ti pinnu pé bí mo bá ti kọ́ ilé fún ìyá mi, màá ṣe ohun rere ńlá kan, màá sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀sán ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. A tẹ̀ lé mọ́tò kan láti Sapele Road títí dé Ikpoba Hill. Gíláàsì rẹ̀ dúdú, a ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀ láti ṣí géètì, Osaze àti ẹnì kan yí i ká. Èmi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Gbogbo wa la fi aṣọ bo ojú. Màmá àgbàlagbà kan ló jókòó níbẹ̀, wọ́n gbé búrẹ́dì lé itan.

"Jésù! Ẹ gbà mí o!"

Mo dá wọn lóhùn láìronú. "Ẹ má bẹ̀rù, mà. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀. A ò ní fọwọ́ kàn yín."

Pidgin ló yẹ kí n sọ. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ké ní Yorùbá, ẹnu mi sì dáhùn bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, èmi náà sì wá wò wọ́n dáadáa. Mọ́mì Tíṣà ni. Àwọn ló kọ́ wa ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tí àwọn òbí wa ń lọ. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fi ń bá wa jà pé kí a yé fi Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin dá àwọn àgbà lóhùn.

"Mo mọ ohùn yìí," ni wọ́n wí. "Ọmọ Bàbá Onítẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyí?"

Wọn ò pariwo. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé mo pẹ́ dé kíláàsì. Osaze ké sí mi láti iwájú, "She know you?" Mọ́mì Tíṣà na ọwọ́ sí aṣọ tó wà lójú mi láti ṣí i. Mo yìnbọn.

Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Irọ́ ni. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo ronú. Ìrònú náà kò gùn, ṣùgbọ́n mo ronú pé bí Mọ́mì Tíṣà bá délé, ìyá mi á gbọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mo pa ènìyàn kí ojú má bàa tì mí níwájú ìyá mi.

Bí ìbọn ṣe dún, dẹ́rẹ́bà wọn sá gba ojú gọ́tà lọ. Festus ni orúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́pàá ti mú un. Wọ́n ní òun ló tọ́ka màmá fún àwọn olè. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó sá?

Níbi ìsìnkú, alàgbà kan ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ, kí n wá bá wọn to makirofóònù. Mo lọ. Bùsáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọ́mì Tíṣà bí, dìde láti sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Ó ní màmá òun kò yé bá òun jà lórí pé òun gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n òun kì í fi í fèsì, pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè máa ṣàárò ìjà. Makirofóònù bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Mo sáré lọ tún un ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣépè fún Festus. Ẹnì kan bi mí pé kí lèmi rò. Mo ní, "Àwọn dẹ́rẹ́bà yìí, kò sí èyí tó ṣeé fọkàn tán." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn nígbà tí ẹ bá ń káàánú mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rere. Mi ò bá Osaze jáde mọ́. Mò ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní àràárọ̀ Sátidé. Mo ra ìrẹsì, mo fi rán ọlọ́kadà sí ìyàwó Festus láìdárúkọ. Lọ́kàn mi, mo ti wà ní apá ìparí fíìmù, níbi tí ọ̀daràn ti ń dára díẹ̀díẹ̀ tí àwọn tó ń wò ó sì ti ń fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo sùn dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìyàwó Festus fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò mọ̀ mí. Blessing ni wọ́n ń pè é. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n wọn sórí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Oga, abeg buy am. Lawyer say make I bring something."

Mo ní kó máa gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ. Mo kó gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi fún un. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tòun tọmọ lẹ́yìn.

"God go bless you. My husband no kill that mama. You believe me?"

"I believe you."

Ó gbé ojú sókè wò mí. "Na only you believe am for this whole Benin," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tó lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Ó wá hàn sí mi kedere pé gbogbo rere tí mò ń ṣe, mò ń ṣe é kí n má bàa ṣe ẹyọ kan tó kù ni. 

Mo bá ìyá mi nílé, wọ́n ń ká aṣọ òkìrìkà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ká èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n tò ó lé àwọn yòókù.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Osaze àti ẹnì kan."

Mo rò pé wọ́n á ní kí n sá lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn ní Cotonou. Mi ò lè purọ́, mo fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọlé lọ wẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀.

"Dìde. Mò ń bá ọ lọ."

"Mọ́mì, wọ́n á pa mí o."

"Mo mọ̀. Ìyá ẹnì kan ti kú. Ọkọ ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń jìyà tìẹ. Dìde, ọmọ mi."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀.

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà kò gbà mí gbọ́. "Oga, wetin you drink?" Mo ní kí wọ́n lọ tú ìdí tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tó ti kú nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí wọ́n gbé ìbọn dé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo dárúkọ Osaze àti ẹnì kejì. Wọ́n mú ẹnì kejì. Osaze ti sá, wọn ò rí i títí dòní.

Mò ń retí àlàáfíà. Nínú fíìmù, ojú ọkùnrin náà máa ń mọ́lẹ̀. Òùngbẹ nìkan ló ń gbẹ mí.

Ó ṣì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó tú Festus sílẹ̀. A pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ní ọjọ́ tó wá jẹ́rìí. Mo ní kó dárí jì mí. Ó yí orí rẹ̀ padà.

"Talk am for this side. That ear no dey hear again."

Àwọn ọlọ́pàá ti lù ú títí etí rẹ̀ kan fi di. Mo tún un sọ sí etí kejì.

"Seven weeks," ni ó wí. "Dem dey beat me, you dey chop, you dey sleep. Seven weeks. My wife tell me wetin you give am. I say make she no curse you. Na that one I fit do." Ó sì rọra rìn lọ.

Ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni fíìmù kì í fi hàn wá. Mo ṣe ohun tó dára nígbẹ̀yìn, òótọ́ ni. Mo fi ẹ̀mí mi lélẹ̀ kí wọ́n lè tú ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, kò sì dá ohunkóhun padà.

Bùsáyọ̀ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìdájọ́. Ó jókòó ní òdìkejì wáyà. Ó sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò wá láti dárí jì mí, pé ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ mọ̀: kí ni màmá òun sọ kẹ́yìn?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé ọwọ́ sókè dá mi dúró. Ó ní kí n sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyí?'"

Ó tún un sọ. Ahọ́n rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì títí tó fi dún bó ṣe yẹ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó bi mí bóyá màmá òun bẹ̀rù. Mo ní wọ́n bẹ̀rù lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá mi mọ̀, wọn ò bẹ̀rù mọ́. Òótọ́ ni mo sọ, òun ló sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó dàbọ̀," ni ó wí, ní Yorùbá. Kò padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá ka èyí, mi ò sọ pé kí ẹ má wo fíìmù. Mi ò sì sọ pé ènìyàn burúkú kò lè yí padà. Nínú yàrá yìí, ọkùnrin kan wà tó ń fún aláìsàn ní omi tirẹ̀ mu lójoojúmọ́, apànìyàn sì ni. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi rere tí ẹ máa ṣe lọ́la tan ara yín ṣe aburú lónìí. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, tó ṣì kéré, tó jẹ́ pé ìtìjú nìkan ló máa ná ọ, má dúró dìgbà tí adájọ́ yóò dá sí i. Lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀ ní ojúmọmọ, kí o sọ ohun tí o ṣe, má fi irọ́ kankan kún un. Ó lè bú ọ. Ó lè gbá ọ létí. Ó lè pe ọlọ́pàá. Dúró níbẹ̀, kí o sì dúpẹ́. Ẹni tó ṣì lè bínú sí ọ, ó ṣì wà láàyè.